Ìtọ̀ Tó Ń Jò Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Abiyamọ Nìkan

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àjọ. Ọ̀rọ̀ ara wa ni, ọ̀rọ̀ ibi tí obìnrin kì í fẹ́ dárúkọ láwùjọ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Nítorí náà n ó sọ ọ́, ẹ bá mi fetí sí i.

Nígbàkígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì bá wá bá wa sọ̀rọ̀ ìlera, tí wọ́n bá dé orí ìtọ̀ tó ń jò lára obìnrin, "ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ" ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní oyún àti ọmọ bíbí ló ń dẹ abẹ́ obìnrin. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ọmọ bíbí wà lára ohun tó ń fa á jù. Ṣùgbọ́n ẹ wẹ̀yìn wò nínú ìpàdé yẹn. Àwọn obìnrin kan jókòó síbẹ̀ tí wọn ò bímọ rí. Òmíràn ò tíì lọ́kọ, òmíràn ń wojú Ọlọ́run, òmíràn nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró kí ọmọ tó dé. Bí wọ́n bá ti gbọ́ "ọlọ́mọ," wọ́n á gbà pé ọ̀rọ̀ náà ò kan àwọn. Èyí tí ìtọ̀ ń jò lára rẹ̀ nínú wọn á wá máa bi ara rẹ̀ léèrè pé, "Èmi tí n ò bímọ, kí ló wá ṣe mí?"

Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kọ. Àrùn yìí lè ṣe ẹni tí kò bímọ rí. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe ẹ̀san. Ó ní ìtọ́jú, ìtọ́jú náà sì wà ní Èkó wa níbí.

KÍ LÓ WÀ NÍSÀLẸ̀ IKÙN WA?

Gbogbo obìnrin, ì báà bí mẹ́wàá, ì báà má bí rárá, ló ní àwọn iṣan kan tó tẹ́ sí ìsàlẹ̀ ikùn. Láti egungun iwájú abẹ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì lọ dé egungun ìparí ẹ̀yìn, níbi ìdí. Àpò ìtọ̀, ilé ọmọ àti ọ̀nà ìgbẹ́, orí àwọn iṣan yìí ni gbogbo wọn jókòó lé. Bí a bá wúkọ́, tí a sín, tí a rẹ́rìn-ín tàbí tí a gbẹ́rù, àwọn ló ń gba agbára tó ń ti inú wá sísàlẹ̀. Àwọn ló ń di ẹnu ọ̀nà ìtọ̀ nígbà tí a ò tíì dé ilé ìyàgbẹ́, àwọn náà ló ń tú u sílẹ̀ nígbà tí a bá débẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa pè wọ́n ní iṣan abẹ́.

Iṣẹ́ méjì ni wọ́n ń ṣe o: dídì àti títú. Ẹ wo okùn tí a fi ń di ẹnu àpò ẹ̀wà. Bí okùn bá dẹ̀ jù, ẹ̀wà á dà sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí okùn bá sì le jù, ẹni tó fẹ́ bu kóńgò kan ò ní rí ọwọ́ kì bọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iṣan abẹ́ rí. Ó lè dẹ̀ jù, ó sì lè le jù, méjèèjì ló ń kó wàhálà bá obìnrin. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a máa padà síbẹ̀.

ÀWỌN SÍSTÀ TÍ KÒ LỌ́KỌ RÍ

Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé akọ̀wé kàn ń sọ tẹnu rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n mú ẹ̀rí wá.

Ní ọdún 2002, àwọn dókítà kan ní ìlú Rochester, ní ìpínlẹ̀ New York lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde. Àwọn sístà ìjọ Kátólíìkì ni wọ́n lọ bá, àwọn tó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run pé àwọn ò ní lọ́kọ. Wọ́n tó 149, kò sì sí ẹni tó bímọ rí nínú wọn. Púpọ̀ nínú wọn ti dàgbà, ọjọ́ orí wọn jẹ́ nǹkan bí 68 tí a bá pín in kárí. Ìdajì wọn ló sọ pé ìtọ̀ máa ń jò lára àwọn. Ìdajì o! Ẹni tí kò bá ọkùnrin sùn rí, tí kò lóyún rí, ta ló fẹ́ sọ pé oyún tó ṣẹ́ nígbà ọmọge ló ń bá a jà?

Nígbà tó di ọdún 2005, àwọn dókítà ìlú kan náà tún wá tẹ̀gbọ́n tàbúrò lọ. Ọ̀kan bímọ, èkejì ò bí, ìyá kan náà ló bí àwọn méjèèjì, nǹkan oṣù wọn sì ti dúró. Wọ́n fi wọ́n wé ara wọn. Nínú àwọn tó bímọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tí ìtọ̀ ń jò lára wọn. Nínú àwọn tí kò bímọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì náà. Ìyẹn ni pé bí ọjọ́ bá ti lọ lórí obìnrin, ohun tó bá nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé rẹ̀ àti ọjọ́ orí rẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́ tiwọn.

Bí ẹ bá ní àgbàlagbà ni mo ń wí, ẹ gbọ́ ti àwọn ọmọdé. Ní ọdún 1994, ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn obìnrin eléré ìdárayá ní yunifásítì. Wọ́n jẹ́ 144, ọmọ nǹkan bí ogún ọdún ni wọ́n, kò sí ẹni tó bímọ nínú wọn. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 28 ló ní ìtọ̀ máa ń jò lára àwọn bí àwọn bá ń ṣeré. Àwọn tí ń ta òkìtì àti àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí pé fífò ni iṣẹ́ wọn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fò tí wọ́n balẹ̀, inú ń ti iṣan abẹ́ sísàlẹ̀.

Ọmọ ogún ọdún tí ara rẹ̀ le koko rèé. Ẹ wá wo àwa tí à ń gbé kẹ̀ẹ̀gì òróró.

KÍ LÓ Ń FÀ Á LỌ́DỌ̀ TIWA?

Àkọ́kọ́ ni ẹrù. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń gbẹ́rù ni ìtọ̀ ń jò lára rẹ̀, ara ò dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ lójoojúmọ́, tó ń di èémí mọ́nú nígbà tó bá ń gbé e, ń fi inú ti iṣan abẹ́ rẹ̀ sísàlẹ̀ ni.

Èkejì ni ìgbẹ́ líle. À ń jókòó sídìí àtẹ láti àárọ̀ dalẹ́, a ò mumi, a ò jẹ ẹ̀fọ́ tó, a wá ń fi ipá yàgbẹ́. Ẹni tó ń tiraka bẹ́ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ ń dẹ iṣan abẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ikọ́ tí kì í lọ. Èéfín jẹnẹrétọ̀, eruku títì àti èéfín igi ìdáná wà lára ohun tó ń fa ikọ́ bẹ́ẹ̀ fún wa. Ẹ̀kẹrin ni ara sísan jù, nítorí ìwúwo ikùn ń tẹ ìsàlẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún ni fibroid. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní in, ó sì pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí kò bímọ. Bí ó bá tóbi, ó lè jókòó lé àpò ìtọ̀, ìtọ̀ á wá máa gbọ̀n obìnrin ní gbogbo ìgbà. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe sí ilé ọmọ náà lè ṣàkóbá fún iṣan abẹ́ nígbà mìíràn.

Ẹ̀kẹfà ni kí nǹkan oṣù dúró. Nígbà náà ni omi ara obìnrin ń yí padà, tí abẹ́ ń gbẹ, tí iṣan sì ń rọ.

Èyí tó kẹ́yìn ni ti ilé ìyàgbẹ́ ọjà. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Àwọn kan nínú wa ń di ìtọ̀ mọ́ra láti aago méje àárọ̀ títí di aago mẹ́rin, torí ilé ìyàgbẹ́ ò mọ́ tàbí torí kò sẹ́ni tó máa bá wọn ṣọ́ àtẹ. Àwọn mìíràn ò jẹ́ mumi rárá. Omi tí a ò mu kì í wo ìtọ̀ tó ń jò sàn o. Ìtọ̀ tó bá ki jù a máa ta àpò ìtọ̀ lára, a sì tún máa gbọ̀n èèyàn sí i, ìgbẹ́ á sì tún le.

ẸNU ARÁ ỌJÀ

Obìnrin kan wà nínú wa, ẹ má bi mí lórúkọ rẹ̀, òun ló ní kí n kọ ọ́. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ló ń tà. Ó ti lé lógójì ọdún, kò bímọ. Àǹtí ni gbogbo wa ń pè é, torí a ò rí orúkọ ọmọ pè mọ́ ọn.

Ó pẹ́ tí ìtọ̀ ti ń jò lára rẹ̀ bó bá wúkọ́ tàbí bó bá gbẹ́rù. Ẹ mọ̀ pé ẹgbẹ́ wa ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá dìde kúrò ní ìpàdé kí ìpàdé tó parí. Ó ń san án. Kàkà kó sọ pé ìtọ̀ ló ń gbọ̀n òun, yóò fowó sílẹ̀, yóò jáde. Àwọn kan ní ìgbéraga ni. Nígbà tó yá, àwọn kan fura sí òórùn, ọ̀rọ̀ wá yí padà. "Ẹ ò rí i? Ayé tó jẹ nígbà ọmọge ló ń bá a. Òun náà ló fi bẹ́ẹ̀ ba ilé ọmọ rẹ̀ jẹ́." Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣẹ́ oyún kankan rí.

Ó tún ba ọjà rẹ̀ jẹ́. Tẹ́lẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ sí Dàlékò ní Mushin lọ ra ìrẹsì. Ẹ mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó wà láti ọ̀dọ̀ wa níbí lọ síbẹ̀. Ó wá ń bẹ̀rù kí ìtọ̀ má gbọ̀n òun nínú dánfó, ó wá ń rán èèyàn. Ẹni tó ń rán ń gbé owó lé e, èrè orí àpò kan kò tó nǹkan mọ́.

Lọ́jọ́ kan ó pè mí sẹ́yìn ìsọ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àrùn tó ń ṣe àwọn ìyá ọlọ́mọ ló ń ṣe mí. Ṣé wọ́n á gbà mí láyè níbẹ̀ tí mo bá lọ?"

Mo ní, "Àbúrò mi, ta ló sọ fún ọ pé wọ́n ń béèrè ọmọ lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù?"

Ó lọ. Dókítà kọ́kọ́ yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò bóyá kòkòrò àrùn wà níbẹ̀ tàbí ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò bóyá fibroid ló ń tẹ àpò ìtọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ ìwé fún un lọ sọ́dọ̀ àwọn onífisiotẹ́rápì. Wọ́n rí i pé iṣan abẹ́ rẹ̀ ti dẹ̀, wọ́n kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fún un lókun, wọ́n tún bá a wá ojútùú sí ìgbẹ́ líle. Ó tó oṣù mẹ́rin kó tó rí ìyàtọ̀ gidi. Kò tíì lọ pátápátá, ṣùgbọ́n ó ti dín kù débi pé òun fúnra rẹ̀ ló tún ń lọ sí Dàlékò báyìí.

ÈYÍ TÓ LE JÙ, TÍ KÒ FẸ́ TÚ

Mo ní a máa padà sórí okùn tó le jù. Àwọn obìnrin kan wà tí iṣan abẹ́ wọn ò dẹ̀ rárá, ńṣe ló dì pinpin. Ẹlòmíràn ò mọ̀ pé òun ń dì í. Ìtọ̀ rẹ̀ á máa dá dúró tá tá, á dà bíi pé kò tán nínú. Ìgbẹ́ á ṣòro. Ìsàlẹ̀ ikùn àti ìdí á máa dùn ún. Bí ọkọ bá fẹ́ sún mọ́ ọn, abẹ́ á tì gbọn-in, ìrora á mú un. Ìyàwó mìíràn wà nílé ọkọ fún ọdún bíi mélòó kan tí ọkọ ò rí ọ̀nà wọlé.

Nílẹ̀ wa, ẹ mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n á ní ọkọ ọ̀run ló dínà. Ìyá ọkọ á máa béèrè ọmọ, wọ́n á máa pe ìyàwó ní àgàn. Ojú ń tì í láti sọ pé ohun tó ń mú ọmọ wá gan-an ni kò tíì ṣẹlẹ̀. N ò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà o, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n báwo ni oyún ṣe fẹ́ dúró níbi tí ọkọ ò rí ọ̀nà gbà? Ẹ̀rù lè fa á. Ìrora àrùn tó ti ṣe é rí lè fa á. Bí wọ́n bá fipá bá a lò rí, ó lè fa á. Àpá abẹ́ dídá náà lè wà níbẹ̀, àṣà tí òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 kà sí ẹ̀ṣẹ̀. Ara ń dáàbò bo ara rẹ̀ ni. Ọmọbìnrin náà kì í ṣe olóríkunkun, kì í sì í ṣe ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀mí òkun.

Irú èyí náà ní ìtọ́jú lọ́dọ̀ àwọn onífisiotẹ́rápì, ṣùgbọ́n ìtọ́jú rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Títú ni wọ́n ń kọ́ ọ, wọn ò ní kọ́ ọ ní dídì. Wọ́n á kọ́ ọ bí yóò ṣe máa mí sínú jìnnà kí ìsàlẹ̀ rọ̀. Wọ́n á fi sùúrù bá iṣan náà ṣe, wọ́n sì lè fún un ní ohun èlò tó dán, láti kékeré lọ sí èyí tó tóbi díẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ yóò máa lò nílé, kí ara mọ̀ pé kò séwu. Ọ̀pọ̀ ló ti bọ́ nínú ìrora bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ní ìrora kò gbọdọ̀ gbọ́ pé "máa dì í, máa dì í" kó sì bẹ̀rẹ̀. Yóò máa fa okùn tó ti le tẹ́lẹ̀ ni. Kó jẹ́ kí wọ́n yẹ òun wò ná.

ÀWỌN WO LÓ Ń TỌ́JÚ RẸ̀?

Ìtọ́jú yìí kì í ṣe ohun tuntun. Dókítà obìnrin kan tó jẹ́ ọkùnrin, Arnold Kegel, ará Los Angeles ní Amẹ́ríkà, ló kọ ìwé lórí rẹ̀ ní ọdún 1948 pé bí obìnrin bá ń fi iṣan abẹ́ rẹ̀ ṣe eré ìdárayá, ìtọ̀ tó ń jò lè dúró láìṣe iṣẹ́ abẹ. Títí di òní, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe eré ìdárayá náà.

Nílẹ̀ wa níbí, ọ̀pọ̀ nínú wa mọ Ìgbóbì, ọsibítù eegun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1945 látàrí àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Bí a bá gbọ́ fisiotẹ́rápì, ẹni tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ tàbí ẹni tó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ nìkan là ń rò. Iṣẹ́ wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọdún 1959 ni àwọn onífisiotẹ́rápì Nàìjíríà ti ní ẹgbẹ́ tiwọn. Ní ọdún 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn dé oyè dìgírì. LUTH ní Ìdí-Àràbà ní wọn, LASUTH ní Ìkẹjà ní wọn. Àwa tó wà ní Alímọ̀ṣọ́ lè bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ dókítà ní ọsibítù ìjọba tó sún mọ́ wa, bíi Jẹ́nẹ́rà Ìgàndò, kí wọ́n yẹ̀ wá wò, kí wọ́n kọ ìwé lọ síbi tó yẹ. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ń fẹ́ onífisiotẹ́rápì tó ń tọ́jú abẹ́ obìnrin, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe é. Ẹni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ Ìlera Èkó, kó béèrè ohun tí wọ́n máa bá a san níbẹ̀.

Ẹ má bẹ̀rù. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń tọ̀ lójúmọ́, kí lẹ ń gbé, báwo ni ìgbẹ́ yín. Ẹ lè béèrè fún obìnrin. Ẹ lè mú ẹnìkan dání. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ìka yẹ abẹ́ wò, wọ́n gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ yín, ẹ sì lè sọ pé rárá. Ọmọbìnrin tí kò tíì mọ ọkùnrin náà lè gba ìtọ́jú, wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò láti ìta.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É

Ẹni tí iṣan abẹ́ rẹ̀ dẹ̀, tí kò ní ìrora, ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ nìyí. Ẹ jókòó tàbí ẹ dùbúlẹ̀. Ẹ ṣe bí ẹni tí isó ń bọ̀ lára rẹ̀ láàárín ìpàdé, tí kò sì fẹ́ kó jáde. Ẹ máa gbọ́ ọ lára pé nǹkan kan fún pọ̀, ó sì gòkè sínú. Òun nìyẹn. Ẹ má fún ìdí pọ̀, ẹ má fún itan pọ̀, ẹ má sì di èémí.

Ẹ dì í mú, ẹ ka ení dé àrún. Ẹ tú u sílẹ̀ pátápátá, ẹ tún ka ení dé àrún kí ẹ tó dì í padà. Títú yẹn ṣe pàtàkì bíi dídì. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹjọ. Ìgbà mẹ́ta lójúmọ́: àárọ̀ kí ẹ tó dìde lórí ibùsùn, ọ̀sán nídìí àtẹ, alẹ́ kí ẹ tó sùn. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ẹ ń ṣe é, kódà bí ẹ bá ń ná ọjà lọ́wọ́. Bó bá yá, ẹ lè máa kà á dé ẹẹ́wàá.

Ọgbọ́n kan tún wà. Kí ẹ tó wúkọ́, kí ẹ tó sín, kí ẹ tó gbé gárawa, ẹ kọ́kọ́ di iṣan abẹ́ ná. Ẹ mí jáde bí ẹ bá ń gbé ẹrù náà, ẹ má di èémí.

Oṣù mẹ́ta ó kéré tán ni kí ẹ fi ṣe é kí ẹ tó sọ pé kò ṣiṣẹ́. Bí àjọ ni, èèyàn kì í dá àjọ lọ́jọ́ Ajé kó kó o lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

OHUN TÍ A Ò GBỌDỌ̀ ṢE

Ẹ má máa dá ìtọ̀ dúró láàárín nígbà tí ẹ bá ń tọ̀, kí ẹ ní eré ìdárayá lẹ ń ṣe. Kò dára fún àpò ìtọ̀. Ẹ má ki álọ́ọ̀mù bọ abẹ́, ẹ má ki àgúnmu tàbí ewé bọ̀ ọ́, ẹ má sì fi omi gbígbóná sun ún pé kó lè fún. Ó ń bó ara ni, kì í fún iṣan lókun. Ẹ má yẹra fún omi mímu. Ẹ má sì sáré lọ tọ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú pé kó má baà bá yín lójú ọ̀nà, torí àpò ìtọ̀ ń kọ́ àṣà burúkú lára bẹ́ẹ̀.

Àwọn nǹkan kan sì wà tí kò yẹ ká dúró lé lórí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìtọ̀, bí ibà bá bá ìtọ̀ tó ń ta èèyàn rìn, bí òùngbẹ bá ń gbẹ yín ṣáá tí ẹ sì ń rù, bí ikùn bá ń tóbi, bí nǹkan bá ń yọ jáde lójú abẹ́, bí ìtọ̀ bá ń dà tọ̀sán tòru láìdáwọ́ dúró, ẹ lọ rí dókítà kíákíá. Bí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde rárá, tàbí tí abẹ́ àti itan bá kú tipiri, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ sáré dé ọsibítù.

IṢẸ́ ẸGBẸ́

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ gbé yẹ̀wò ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, mo sì ti kọ wọ́n sínú ìwé àkọsílẹ̀.

Ìkíní, kí a yọ owó ìtanràn kúrò lórí ẹni tó bá jáde lọ tọ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi owó ra àṣírí ara rẹ̀ lọ́wọ́ wa.

Ìkejì ni ilé ìyàgbẹ́. Owó ẹgbẹ́ tí a ń dá lóṣooṣù, kí a yọ díẹ̀ níbẹ̀ fún omi, ọṣẹ àti ẹni tó máa máa fọ̀ ọ́, kí aládùúgbò ìsọ̀ sì máa bá ara wọn ṣọ́ àtẹ.

Ìkẹta, nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì bá tún wá, kí Ìyálọ́jà bá wa sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi "ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ" bẹ̀rẹ̀ mọ́. Kí wọ́n ní "ẹ̀yin obìnrin." Gbogbo wa la wà nínú ìyẹn.

Èyí tó kù, ẹnu wa ni. Obìnrin tí kò bímọ ti ń gbọ́ tó. Bí ẹ bá rí ọ̀kan tó ń dìde lemọ́lemọ́, tàbí tó ti ń jókòó sẹ́yìn nínú ìpàdé, ẹ má sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ṣẹ́ ojú ìwé yìí pọ̀, kí ẹ fi í sínú ọjà tí ẹ bá tà fún un. Bí kò bá mọ̀wé kà, kó wá bá mi nídìí àtẹ mi ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí èrò bá ti dín kù. Èmi á kà á fún un, kò sẹ́ni tó máa gbọ́.